Ìjókòó Kejì Lẹ́yìn Òfì Ńlá

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá ahunṣọ kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, orí rẹ̀ wà láàárín òwú tútù tí wọ́n sá sórí okùn, aró sì ń kán sí i léjìká, kò mọ̀. Ẹ̀wù funfun ló wọ̀. Ó na ọrùn, ó la ẹnu díẹ̀, ó ń wo bí aró ṣe ń rọra sun láti òkè òwú wá sí ìsàlẹ̀, àfi bí ọmọdé tó ń wo èèrà tó gbé ṣúgà lọ sílé.

Ìyá náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ó yẹ kó pariwo olè. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé:

"Ẹ̀wù yín ti bàjẹ́ o."

Ọkùnrin náà yíjú padà. Àgbà ni, irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Kò tiẹ̀ wo èjìká ara rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kí ló dé tí ìsàlẹ̀ òwú yìí fi dúdú ju òkè rẹ̀ lọ?"

"Nítorí pé omi kì í gòkè. Ibi tí omi bá sùn sí, ibẹ̀ ni aró ń sùn sí. Tó bá di ọ̀sán, màá yí wọn padà kí wọ́n lè bára dọ́gba." Ó gbé garawa sílẹ̀. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun dáhùn. "Ta lẹ ń wá?"

"Òwú yín ni mo wá wò."

Ó wá ṣàlàyé. Awakọ̀ rélùwéè ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ojú irin gba ẹ̀yìn ilé yìí kọjá, láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló sì ti ń wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀. Á rí àwọ̀ kan lórí okùn, pupa lónìí, àwọ̀ ewé lọ́la, kó tó ronú kàn án, ó ti kọjá. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró nítorí òwú. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sinmi, ó ní ohun tóun máa fi ìsinmi òun ṣe ni pé òun máa fẹsẹ̀ rìn padà sídìí gbogbo ohun tóun sáré kọjá.

"Tiyín ló ṣìkẹta," ó wí.

"Kí ni àkọ́kọ́?"

"Igi kan tó tẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Igi lásán ni. Ìkejì ni ọkùnrin kan tó máa ń juwọ́ sí mi láti orí òrùlé rẹ̀. Èmi náà á fọn fèrè dá a lóhùn. Ìgbà tí mo débẹ̀, kì í ṣe èmi ló ń juwọ́ sí. Ẹyẹlé ló ń lé."

Ìyá ahunṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde nínú ilé náà.

Kí n sọ irú ènìyàn tí ìyá yìí jẹ́ fún yín. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà ò tíì kan ògiri. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó bá ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ṣàdéhùn pé iṣẹ́ àárọ̀ nìkan lòun á máa ṣe. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Ìyá ní tí oòrùn bá ti dé ojú fèrèsé kejì, òun á dìde nídìí òfì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àdéhùn àgbà ṣe máa ń rí.

Ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà ni, iṣẹ́ ọdún náà sì ti kún fọ́fọ́. Ìyá kì í kọ iṣẹ́ sínú ìwé. Ìṣó méjìlá ló kàn mọ́ ògiri, ìṣó kan fún oṣù kan, iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe lóṣù kọ̀ọ̀kan, òwú rẹ̀ ló ń fi kọ́ ibẹ̀. Òwú funfun jẹ́ aṣọ ìgbọ́mọ fún ilé ìwòsàn, pupa jẹ́ ìborùn àwọn akọrin ilé ìwé, aláwọ̀ eérú jẹ́ aṣọ ìbora fún àwọn arúgbó. Èèyàn lè dúró láàárín yàrá kó rí oṣù kìíní dé oṣù kejìlá bí wọ́n ṣe so rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

"Màmá, ṣé ìdajì ìfẹ̀yìntì nìyí?" Nọ́ọ̀sì bi í nígbà tó rí ògiri náà. "Ìdajì tó kù dà?"

"Òun ni mo ń sùn lálẹ́."

Ògiri yìí gan-an ni awakọ̀ náà dúró sí nígbà tí ìyá mú un wọlé láti fún un ní ọṣẹ. Kò rántí ọṣẹ mọ́. Ó ń wo òwú láti ìṣó dé ìṣó.

"Ọdún yín lẹ gbé kọ́ síbí?"

"Ọdún mi ni."

"Èwo lẹ ń retí jù nínú wọn?"

Ẹnikẹ́ni ò bi ìyá náà ní irú èyí rí. Àwọn èèyàn máa ń bi í ní iye, wọ́n máa ń bi í ní ìgbà tó máa parí. Ó ronú, ó ronú, kò rí èsì. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ó ṣì ń ronú.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá tún dé. Lọ́jọ́ kẹta, ó dé. Kí ló dé tí òwú yìí fi ń ya tí ìyẹn ò ya? Kí ló dé tí ẹ fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ẹ tó so ó? Ta ló kọ́kọ́ rò ó pé kí òwú máa gba òkè kan kó gba ìsàlẹ̀ kan? Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti bàbá yìí ti kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó ti di iṣẹ́ òòjọ́. Ìyá sọ ọ́ ní Bàbá Ìbéèrè. Bàbá ní orúkọ náà dùn mọ́ òun, òun náà sì sọ ìyá ní Olówùú.

"Ẹ ò rẹ̀ mí lójú," ìyá á wí, "ẹnu yín ló rẹ̀ mí létí."

"Ṣé kí n má wá lọ́la, Olówùú?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ká má parọ́, ìyá ti ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣáájú àkókò. Ó ti ń yan ìró tó bá a lára mu. Ó ti ń fi iṣẹ́ tó le díẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí bàbá bá dé, kí bàbá lè bi í pé kí lèyí. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí ohun kan: bàbá ló ń béèrè, ìyá ló ń dáhùn. Ìyá ò bi í níbi tó ń gbé, kò bi í ní ohun tó ń jẹ. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò kíyè sí i.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Ìbéèrè na ìka sí ohun ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ ní ìdí yàrá.

"Kí ló wà lábẹ́ èyí?"

Ojú ìyá yí padà. "Òfì ni."

"Ó mà tóbi o."

"Ó tóbi ju ẹnì kan lọ. Aṣọ fífẹ̀ ni wọ́n ń hun lórí ẹ̀, ẹni méjì ló sì ń jókòó sí i. Èyí á wà lápá òsì, ìyẹn á wà lápá ọ̀tún. Ẹ rí ọ̀kọ̀ yìí?" Ó mú igi pẹlẹbẹ tó ń gbé òwú kọjá láàárín aṣọ dání. "Ẹni tó wà lósì á jù ú gba àárín kọjá. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún á gbà á, wọ́n á jọ gbá òwú mọ́ra, onítọ̀hún á sì jù ú padà. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí."

"Ta ló ń jókòó lọ́tùn-ún?"

"Ó ti lọ."

Bàbá mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ni. Kò béèrè ohunkóhun mọ́ títí tó fi lọ lọ́jọ́ náà. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ìyá ahunṣọ mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn ọkùnrin náà, ẹ̀rù sì bà á.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni alábòójútó gbọ̀ngàn ńlá kan nígboro wá. Wọ́n ń tún gbọ̀ngàn náà ṣe, wọ́n sì fẹ́ aṣọ ìkélé fún gbogbo fèrèsé rẹ̀. Aṣọ fífẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, tí kò ní ojú ìrán láàárín. Ó ti kiri, kò rí ẹni tó lè hun ún. Iṣẹ́ tó lè gbé ọdún mì ni, irú iṣẹ́ tí ìyá àti ọkọ rẹ̀ máa ń fò fáyọ̀ fún láyé ọjọ́sí.

"Mi ò ṣe aṣọ fífẹ̀ mọ́," ìyá wí, ojú rẹ̀ sì yà sí ìdí yàrá.

Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ní, "Màmá, ó kúkú yẹ ká sọ ọ́. Káfíńtà ládùúgbò wa fẹ́ ra òfì yẹn. Igi rẹ̀ ló fẹ́, ó fẹ́ fi kan bẹ́ǹṣì. Ẹ máa ríbi na ẹsẹ̀ nínú yàrá yìí. Tí oṣù yìí bá parí, kó wá gbé e."

Ìyá wo òfì náà. Òfì kékeré ló ń bọ́ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n òfì ńlá ló fi kọ́ ìfẹ́, orí rẹ̀ ló ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ìgbésẹ̀ ẹni kí ẹsẹ̀ tó gbé. Tí wọ́n bá fi ayùn gé e, apá kan nínú ayé rẹ̀ lọ nìyẹn.

Bàbá Ìbéèrè tó jókòó sórí àpótí òwú wúkọ́. "Ṣé àgbàlagbà lè kọ́ ọ?"

"Kọ́ kí ni, sà?" Nọ́ọ̀sì bi í.

"Kí wọ́n ju nǹkan sí i, kó gbà á. Gbogbo ayé mi ni mo fi wo ohun tó ń bọ̀ níwájú. Ó yẹ kí n lè rí igi kékeré kan."

Ìyá wò ó.

"Ìjókòó bàbá mi nìyẹn," Nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. Ó fa ìyá rẹ̀ sí kọ́rọ̀. "Màmá, ẹni tó kàn ṣèèṣì yà wá wo aṣọ lórí okùn. Kí lẹ mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Mo mọ̀ pé ó ń fetí sílẹ̀."

"Ó dáa. Títí oṣù yìí máa fi parí. Tí ẹ bá rí aṣọ gidi hun, màá gbà, ẹ gba iṣẹ́ gbọ̀ngàn, màá sì panu mọ́. Tí ẹ ò bá rí i hun, kí káfíńtà wá gbé e, kí bàbá yìí náà sì máa lọ wo ohun mìíràn."

Báyìí ni wọ́n ká aṣọ kúrò lórí òfì ńlá. Ìyá nu eruku, ó fi òróró sí ibi tó yẹ. Wọ́n jọ ta òwú sórí rẹ̀, òwú lórí òwú, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Ọwọ́ bàbá ò yá, ṣùgbọ́n kò já òwú kan. Ìyá ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń so kókó, ó ń ronú pé ọdún yìí á dùn o. Èsì ìbéèrè ọjọ́ àkọ́kọ́ ti dé ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ síta.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun ni wàhálà dé.

Ìyá ju ọ̀kọ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ó tún jù ú, ó bọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀wàá, bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni bàbá ń rí i mú, ìyẹn náà á sì jẹ́ tipátipá. Etí aṣọ lápá ọ̀dọ̀ ìyá gún bí ojú irin. Lápá ọ̀dọ̀ bàbá, bí ohun tí eku jẹ ló rí.

"Ẹ gbà á, ẹ má sá fún un."

"Ẹ má bínú, Olówùú."

"Ẹ tètè na ọwọ́."

"Mo ti nà án."

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tú ohun tí wọ́n hun. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lẹ́nu bàbá. Ó ń ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò tí wọn ò bá sí nídìí iṣẹ́. Oṣù ń lọ. Ìyá ń wo aṣọ jákujàku náà, ó ń bínú, kò sì mọ ẹni tó ń bínú sí. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní bàbá ni kì í fọkàn sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, Nọ́ọ̀sì wá, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé. Wọ́n ń hun aṣọ lọ́wọ́. Ìyá ju ọ̀kọ̀. Ó dún pá, ó fò sílẹ̀, ó sì já òwú mélòó kan bó ṣe ń lọ.

"Ẹni tó ni ìjókòó yẹn kì í jẹ́ kó bọ́!" ìyá jágbe mọ́ bàbá.

Ẹyin lohùn. Bó ṣe balẹ̀, ìyá fúnra rẹ̀ gbọ́ bó ṣe fọ́.

Bàbá Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ọ̀kọ̀ nílẹ̀, ó rọra gbé e lé orí aṣọ. "Òótọ́ ni," ó wí. "Èmi kọ́ ni mo ni ín." Ó dé fìlà rẹ̀, ó kí Nọ́ọ̀sì pé ó dàbọ̀, ó sì jáde.

Ìyá jókòó. Ó ní, "O ti rí i báyìí. Ní kí káfíńtà máa bọ̀."

Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà, ó lọ jókòó sí ìjókòó bàbá rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́bàá etí aṣọ. Láti kékeré ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Ẹ jù ú, Màmá."

"Fún kí ni?"

"Ẹ ṣáà jù ú."

Ìyá jù ú. Ọ̀kọ̀ náà fò kọjá, ó bá eegun ìka Nọ́ọ̀sì, ó ré bọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ sẹ́nu, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ẹ ò wò mí."

"N kì í wò. Ìgbà wo ni mo wò rí? Bàbá ẹ á kàn..."

"Bàbá mi ga," Nọ́ọ̀sì wí. "Apá rẹ̀ gùn, òkèèrè níbí ló máa ń na ọwọ́ sí dè é, ọwọ́ tó le bí pákó. Ibẹ̀ lẹ ṣì ń jù ú sí, pẹ̀lú agbára yẹn náà. Màmá, ọwọ́ ẹni tó ti kú lẹ ń ju ọ̀kọ̀ sí. Ẹni tó wà láàyè ló ń fi eegun gbà á."

Ìyá wo ọ̀kọ̀ tó wà nílẹ̀.

"Bàbá yẹn wá sílé ìwòsàn wa láàárín ọ̀sẹ̀," Nọ́ọ̀sì tún wí. "Ìka rẹ̀ méjì wú. Mo bi í pé kí ló ṣe é, ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Ẹni tó ń bi gbogbo ayé léèrè, ọjọ́ tí wọ́n bi òun, irọ́ ló pa. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn rẹ̀."

Ìyá bú sẹ́kún. Ó sunkún ọkọ rẹ̀ lákọ̀tun, ó sunkún ìka ọkùnrin yìí, ó sunkún ojú ara rẹ̀ tí kò wo ọ̀tún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Níbo ló ń gbé?"

"Ẹ ò mọ̀?"

"Mi ò bi í." Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́. "Gbogbo ìgbà tó fi ń wá síbí, mi ò bi í ní nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Bàbá ti sọ ibi tó ń gbé fún wọn nílé ìwòsàn, yàrá kan lókè ilé búrẹ́dì, nítòsí ibùdó rélùwéè. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ní òun á dúró nísàlẹ̀. Ìyá nìkan ló gun àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ wà nínú báàgì rẹ̀.

Bàbá ṣílẹ̀kùn. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá wọlé, ó sì fara balẹ̀ wo yàrá náà, bí ẹni tó dé ìdí ohun tó ti sáré kọjá tipẹ́. Àga kan, tábìlì kan, àwo kan, ife kan. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ dáadáa. Àpò ìrìn àjò lórí rẹ̀, wọ́n ti dì í dé ìdajì.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Òkè kan wà lápá ìlà oòrùn. Òun ló kàn." Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi àga sílẹ̀ fún ìyá. "Mo fẹ́ gbéra lọ́la."

"Ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Kò fẹ́ mú un wá. Ìyá dúró títí ó fi mú un wá. Ìka méjì ti dúdú lórí eegun. Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń jù ú sí. Kì í ṣe pé ẹ ò lè gbà á."

"Mo mọ̀," bàbá wí.

"Ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ ọ́?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ fún yín pé kí ẹ má wo ọkọ yín mọ́."

Ìyá mú ọ̀kọ̀ jáde, ó gbé e lé orí tábìlì tó wà láàárín wọn. "Níbo ni ọwọ́ yín máa ń dúró sí?"

"Ibi tí mo bá rò pé ó máa dé."

"Rárá. Níbo ló wu ọwọ́ yín láti dúró?"

Bàbá rò ó. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ìyá wo ọwọ́ náà dáadáa, ó wo bó ṣe jìnnà tó, ó wá rọra ti ọ̀kọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Bàbá tì í padà. Ìyá gbà á.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀?" ìyá bi í, ó tún tì í lọ.

"Búrẹ́dì."

"Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Olówùú, ẹ kúkú rí ibi tí mò ń gbé. Búrẹ́dì."

Ìyá rẹ́rìn-ín, omijé ò sì tíì gbẹ lójú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò fi níyàwó?"

"Ẹnì kan fẹ́ mi rí. Ó ní fèrè nìkan lòun ń gbọ́, òun kì í rí ẹni tó ń fọn ọ́n. Ó lọ fẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ìyẹn náà ń fi irin ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irin tiẹ̀ kì í kúrò nílé."

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí pẹ́. Nígbà tó yá, kò dùn mí mọ́, ó kàn ń ṣe mí bíi pé mo gbàgbé nǹkan síbì kan."

Ìyá di ọ̀kọ̀ mú. Ìbéèrè tó kàn yìí ló gbé e gun àtẹ̀gùn. "Ẹ ti rí òwú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Kí ló mú yín padà wá lọ́jọ́ kejì?"

Bàbá wò ó lójú. "Lọ́jọ́ kejì, ẹ ò sá òwú síta. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, okùn ṣófo. Mo ní kí n máa lọ, ẹsẹ̀ mi ò gbà. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe òwú ni mo wá wò."

Ara ìyá gbóná bí ti ọmọge. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín, ìfẹ́ ò mọ arúgbó.

"Mi ò ní lè gbàgbé ọkọ mi," ó wí. "Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín."

"Mi ò ní kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ipò rẹ̀ kọ́ ni mo ń wá. Ẹ fún mi ní tèmi."

"Káfíńtà ń bọ̀ lọ́la," ìyá wí. "Kò ní gé nǹkan kan. Mo fẹ́ kó wá wọn apá yín, kó kan ìjókòó tó bá yín mu. Ti ọkọ mi, màá gbé e sínú ilé, màá máa jókòó lé e jẹun. Màá ránṣẹ́ sí àwọn ará gbọ̀ngàn pé mo gba iṣẹ́ wọn. Ẹ bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé èwo ni mò ń retí jù nínú ọdún yìí. Ẹ̀yin ni."

Bàbá gbé ojú sílẹ̀, ó fi ìka tí kò dùn ún pa tábìlì. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó ku ìbéèrè kan."

"Ọjọ́ wo ló máa tán lẹ́nu yín? Ẹ bi mí."

"Ṣé kí n máa wá láàárọ̀, kí n máa lọ nírọ̀lẹ́ ni? Àbí kí n má lọ mọ́?"

Ìyá ahunṣọ ò ju ọ̀kọ̀ náà, kò tì í. Ó dìde, ó yí tábìlì ká, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ọ̀kọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbi tó ń dùn ún.

"Ẹ má lọ mọ́," ó wí.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohùn Nọ́ọ̀sì láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Màmá? Ṣé kí n máa lọ ni?"

Ìyá na ọrùn sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Dúró," ó wí. "Ẹrù wà tó o máa bá wa gbé."